Òfin Tó Lé Àlejò àti Òfin Tó Gbà Á: Àríyànjiyàn Kan Tó Pẹ́ Nínú Ìwé Mímọ́

Ní ayé ìgbà tí Nehemáyà jẹ́ gómìnà Júdà, ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n ka ìwé Mósè sétí àwọn ará Jerúsálẹ́mù. Wọ́n bá a nínú rẹ̀ pé ọmọ Ámónì àti ọmọ Móábù kò gbọdọ̀ wọ ìjọ Ọlọ́run títí láé. Bí wọ́n ti gbọ́ ọ, kíá ni wọ́n ya gbogbo àdàlù ènìyàn kúrò láàárín ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ìwé Nehemáyà orí 13 ti ròyìn. Ṣùgbọ́n ìwé Mósè kan náà ló pa á láṣẹ pé kí Ísírẹ́lì fẹ́ràn àlejò, nítorí àlejò ni àwọn náà jẹ́ nílẹ̀ Íjíbítì. Àṣẹ méjèèjì ló wà nínú Diutarónómì, ọ̀kan ní orí 10, èkejì ní orí 23. Ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń sọ pé òfin ló lé àlejò, àánú ló sì gbà á, bí ẹni pé ọ̀tá ni òfin àti àánú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá tọ ìtàn náà láti oko Bóásì dé ìpàdé àwọn àpọ́sítélì ní Jerúsálẹ́mù, a ó rí i pé inú òfin gan-an ni àríyànjiyàn náà wà. Gbogbo ìgbà tí ìwé mímọ́ ṣí ọ̀nà fún àlejò, òfin ló fi ṣí i. Àwọn tó dí ọ̀nà náà sì di òfin mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ ni wọ́n dì mú, wọ́n jọ̀wọ́ apá kejì.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin náà fún àlejò, nítorí ó pọ̀ ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ. Irú àlejò méjì ni òfin Mósè mọ̀. Àtìpó ni ẹni tí ìyàn tàbí ogun lé kúrò nílùú rẹ̀, tó wá ń gbé láàárín Ísírẹ́lì láìní ilẹ̀ tirẹ̀. Àjèjì ni ẹni tó ń kọjá lọ, tí ilé rẹ̀ ṣì wà níbòmíràn. Àtìpó ni òfin náà dáàbò bò jù. Ẹ́kísódù orí 22 àti 23 kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ni ín lára. Léfítíkù orí 19 ní kí olóko má ṣe kórè dé eteetí oko, kí ó má sì ṣa èyí tó bá bọ́ sílẹ̀. Diutarónómì orí 24 fi kún un pé bí ó bá gbàgbé ìtí ọkà sóko, kí ó má padà lọ gbé e, ti àtìpó, ọmọ òrukàn àti opó ni. Ọjọ́ Ìsinmi kan àtìpó bí ó ti kan onílé. Nínú Númérì orí 35, ìlú ààbò mẹ́fà ṣí sílẹ̀ fún àtìpó tó bá ṣèèṣì pa ènìyàn, kí olùgbẹ̀san má bàa pa á kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Orí 15 ìwé kan náà sì sọ pé òfin kan ṣoṣo ni kí ó wà fún onílé àti àtìpó. Ẹ kíyè sí irú òfin tí ìwọ̀nyí jẹ́. Òfin oko ni wọ́n, òfin ẹnubodè ìlú, òfin ilé ẹjọ́. Ẹni tí ebi ń pa kò ní láti dúró de ìgbà tí inú onílé bá dùn kó tó jẹun, nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti wà nínú oko ṣáájú kí ó tó débẹ̀.

Òfin kan náà pààlà, a kò sì gbọdọ̀ fi èyí pamọ́. Ó gba ọmọ Ísírẹ́lì láàyè láti gba èlé lọ́wọ́ àjèjì, nígbà tó kà á léèwọ̀ láàárín arákùnrin. Ó ní kí àjèjì má ṣe jẹ oúnjẹ Ìrékọjá, ó sì gba àtìpó láàyè láti jẹ ẹ́ bí gbogbo ọkùnrin ilé rẹ̀ bá ti kọlà. Ó dájú pé ààlà wà. Ṣùgbọ́n ààlà Ìrékọjá yìí kò ti ọwọ́ ẹ̀jẹ̀ wá, ọwọ́ májẹ̀mú ló ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé mọ ohun tí yóò ṣe, bí ó bá sì ti ṣe é tán, Ẹ́kísódù orí 12 ní òun àti ọmọ bíbí ilẹ̀ náà di ọ̀kan.

Òfin Diutarónómì orí 23 nípa ọmọ Ámónì àti Móábù le ju gbogbo èyí lọ, torí kò sọ ohun tí wọ́n lè ṣe láti wọlé. Ó ní títí dé ìran kẹwàá, wọn kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ẹ wo ìdí tí òfin náà fi lélẹ̀. Kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ wọn kò mọ́. Ohun tó sọ ni pé nígbà tí Ísírẹ́lì ń ti Íjíbítì bọ̀, tí àárẹ̀ mú wọn lọ́nà, àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò gbé oúnjẹ àti omi pàdé wọn, wọ́n sì fowó bẹ Báláámù kí ó wá gbé wọn ṣépè. Ẹ̀ṣẹ̀ àìṣe àlejò ni òfin náà ń bá wọn wí. Ìdí kan náà tó mú kí òfin fẹ́ràn àtìpó, ìyẹn ìrántí ìyà tí àlejò ń jẹ, ni ó mú kí ó kọ ọmọ Móábù. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí Ísírẹ́lì má ṣe kórìíra ará Íjíbítì, nítorí àlejò ni wọ́n jẹ́ nílẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè wọ ìjọ ní ìran kẹta. Íjíbítì tó fi wọ́n ṣe ẹrú, tó sọ ọmọ wọn sínú odò, ni òfin yìí rántí oore rẹ̀. Orí kejì Diutarónómì tilẹ̀ tún sọ nípa àwọn ọmọ Móábù tó ń gbé ní Árì pé wọ́n ta oúnjẹ àti omi fún Ísírẹ́lì. Ìwé kan náà ló wá pa ìrántí méjì mọ́ nípa ènìyàn kan náà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí ojú Ísírẹ́lì rí lọ́nà ni wọ́n fi sọ òfin yìí, ìrántí sì ṣeé yẹ̀ wò, ó ṣeé tún rò.

Ìgbà tí wọ́n padà dé láti ìgbèkùn ni ọ̀rọ̀ náà gbóná. Àwọn ará Bábílónì ti wó Jerúsálẹ́mù àti Tẹ́ńpìlì rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 586 ṣáájú ìbí Kristi. Ní 539, Kírúsì ọba Páṣíà gba Bábílónì, ó sì jẹ́ kí àwọn ìgbèkùn máa padà sílé. Wọ́n parí Tẹ́ńpìlì kejì ní nǹkan bí 515. Júdà tí wọ́n bá padà dé ti di ìgbèríko kékeré kan lábẹ́ ọba àjèjì, kò ní ọba tirẹ̀ mọ́, kò sì ní ọmọ ogun. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ onítàn ti kà á, Ẹ́sírà tó jẹ́ àlùfáà àti akọ̀wé òfin dé ní 458, Nehemáyà tẹ̀ lé e ní 445, ó sì tún odi ìlú mọ ní ọjọ́ 52. Àwọn aládùúgbò tó ń bá wọn jà ní agbára: Sáńbálátì ní Samáríà, àti Tòbáyà ọmọ Ámónì, tí àlùfáà Élíáṣíbù fún ní yàrá nínú Tẹ́ńpìlì fúnra rẹ̀. Nehemáyà da ẹrù Tòbáyà síta. Nígbà tó rí i pé ìdajì ọmọ àwọn tó fẹ́ obìnrin Áṣídódù, Ámónì àti Móábù kò lè sọ èdè Júdà mọ́, ó bínú débi pé ó lu àwọn kan nínú àwọn baba wọn, ó sì fa irun wọn tu. Ìbínú ẹni tó ń wò ó pé ènìyàn òun fẹ́ parẹ́ ni. Ẹ̀yà tí kò ní ọba, tí kò ní ogun, èdè àti ìsìn nìkan ló kù tó fi lè mọ ara rẹ̀.

Ẹ̀rù yẹn jẹ́ òótọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí Ẹ́sírà ṣe kọjá ohun tí òfin wí. Ìwé Ẹ́sírà orí 9 àti 10 sọ pé wọ́n kó gbogbo ènìyàn jọ sí gbangba Tẹ́ńpìlì ní oṣù kẹsàn-án, nínú òjò, tí gbogbo wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì pinnu pé kí àwọn ọkùnrin lé aya àjèjì lọ àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Ìwádìí náà gba oṣù mẹ́ta. Orúkọ ọkùnrin tó lé ní 100 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Òfin wo ló pàṣẹ rẹ̀? Diutarónómì orí 7 kọ̀ fún Ísírẹ́lì láti fẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méje kan tó dárúkọ. Kò sọ pé kí ẹni tó ti fẹ́ wọn lé aya rẹ̀ lọ. Orí 23 sọ ẹni tó lè wọ ìjọ àti ẹni tí kò lè wọ̀ ọ́. Kò sọ̀rọ̀ lórí ìkọ̀sílẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n gbé wá fún Ẹ́sírà ka ará Íjíbítì mọ́ àwọn tí kò yẹ kí wọ́n fẹ́, nígbà tí òfin gba ìran kẹta ará Íjíbítì wọlé. Èrò pé irú-ọmọ mímọ́ kan wà tí wọn kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n fi so àwọn òfin yìí pọ̀, tí wọ́n sì fi nà wọ́n jù bí wọ́n ti gùn lọ. Ìtumọ̀ òfin ni èyí, ìtumọ̀ alágbára, láti ẹnu ẹni tó mọ òfin dáadáa. Kì í ṣe òfin fúnra rẹ̀. Ìwé náà kò sì fi pamọ́ pé àwọn kan takò ó: ó dárúkọ Jónátánì ọmọ Ásáhélì àti Jáháséáyà ọmọ Tíkífà. Àní, orí 6 ìwé Ẹ́sírà kan náà sọ pé nígbà Ìrékọjá àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n parí Tẹ́ńpìlì, àwọn tó ya ara wọn kúrò nínú àìmọ́ àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ náà bá wọn jẹun. Ó hàn pé ọ̀nà mìíràn ti wà nílẹ̀ kí Ẹ́sírà tó dé.

Ẹ̀rí pé ọ̀nà mìíràn wà kò mọ sínú ìwé mímọ́ nìkan. Ní erékùṣù Elefantínì lórí odò Náílì, ní ìhà gúúsù Íjíbítì, àwọn ọmọ ogun Júù kan ń gbé lábẹ́ Páṣíà ní ọ̀rúndún karùn-ún kan náà, wọ́n sì ní tẹ́ńpìlì tí wọ́n kọ́ fún Ọlọ́run Ísírẹ́lì. Àwọn ìwé òfin tí wọ́n kọ sórí ewé pápírọ́ọ̀sì ṣì wà títí di òní. Ọ̀kan nínú wọn, tó wá láti ọdún 449, jẹ́ ìwé ìgbéyàwó Ananáyà, òṣìṣẹ́ tẹ́ńpìlì náà, pẹ̀lú Tamet, ẹrúbìnrin ará Íjíbítì. Ọdún díẹ̀ ni ó fi ṣáájú ìgbà Nehemáyà. Nínú ìwé títà ilé kan tí wọ́n kọ ní 402, ìyàwó náà pẹ̀lú ń jẹ́ òṣìṣẹ́ Ọlọ́run tó ń gbé Elefantínì. A lè sọ pé àwọn ará Elefantínì kò mọ òfin bí Ẹ́sírà ti mọ̀ ọ́n, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n fi hàn pé obìnrin àjèjì tó wọlé tọ olùsìn Ọlọ́run Ísírẹ́lì lè di olùsìn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, pé kò di dandan kí ó fa ọkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ òrìṣà bí ti àwọn aya Sólómọ́nì tí Nehemáyà fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ìdáhùn tó lágbára jù lọ wá láti inú ìwé mímọ́ fúnra rẹ̀. Àìsáyà orí 56, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó wá lẹ́yìn ìgbèkùn, kọjú sí òfin Diutarónómì orí 23 láìdárúkọ rẹ̀. Òfin náà kọ ìwẹ̀fà àti àjèjì. Wòlíì náà sì mú ìwẹ̀fà àti àjèjì pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan. Ó ní kí àjèjì tó ti fi ara rẹ̀ fún Olúwa má ṣe rò pé Olúwa yóò yà á sọ́tọ̀ kúrò láàárín àwọn ènìyàn Rẹ̀. Ohun tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ó pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́, kí ó sì di májẹ̀mú mú ṣinṣin. Ọrẹ rẹ̀ yóò di ìtẹ́wọ́gbà lórí pẹpẹ, ilé Ọlọ́run yóò sì jẹ́ ilé àdúrà fún gbogbo ènìyàn. Kò sọ pé òfin ti parí iṣẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi àti májẹ̀mú, òpó méjì nínú òfin, ni ó fi ṣe ẹnu ọ̀nà. Ó mú ìlànà tí Ẹ́kísódù ti fi lélẹ̀ fún àtìpó nípa Ìrékọjá, ó sì nà án kan àwọn tí Diutarónómì ti tì síta.

Ìwé Rúùtù ṣe iṣẹ́ kan náà nípa ìtàn. Àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ìgbà tí wọ́n kọ ọ́. Àwọn kan ní ó ti wà ṣáájú ìgbèkùn; àwọn mìíràn ní ìgbà Ẹ́sírà ni wọ́n kọ ọ́ láti dá a lóhùn. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ní láti ṣàlàyé àṣà bíbọ́ bàtà tí àwọn ará àtijọ́ fi ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, èyí tó fi hàn pé ó jìnnà díẹ̀ sí ayé tó ń sọ. Ìgbà yòówù kí wọ́n kọ ọ́, ẹni tó bá kà á pẹ̀lú Diutarónómì lọ́wọ́ kò lè má rí ohun tó ń ṣe. Ìyàn lé Náómì àti ọkọ rẹ̀ kúrò ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù lọ sí Móábù, Móábù tí wọ́n ní kò ṣe àlejò Ísírẹ́lì, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti rí àyè gbé ní nǹkan bí ọdún 10. Nígbà tí Rúùtù bá ìyá ọkọ rẹ̀ padà wá, òfin pèéṣẹ́ ló fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Òfin tó fún ìbátan ní ẹ̀tọ́ láti ra ilẹ̀ padà ló gbé e dé ilé Bóásì, ìbátan ọkọ Náómì. Ẹnubodè ìlú, níwájú àgbààgbà mẹ́wàá, ni wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, bí òfin ti fẹ́. Ìbátan tó súnmọ́ jù ní ẹ̀tọ́ ṣáájú. Bóásì kò gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, ó pè é, ó sì jẹ́ kí ó kọ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà tí obìnrin Móábù yìí gbà wọlé jẹ́ ọ̀nà òfin. Nígbà tí ìwé náà sì parí, ó ka ìran: Óbédì, Jésè, Dáfídì. Ọmọ ọmọ Rúùtù ló bí ọba tó tóbi jù lọ ní Ísírẹ́lì, ìran kẹwàá kò sì tíì pé.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí ìṣòro níbẹ̀, nítorí Rúùtù ti yí padà sí Ọlọ́run Ísírẹ́lì kí ó tó wọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Òótọ́ ni pé ó fi ara rẹ̀ fún ènìyàn Náómì àti Ọlọ́run Náómì. Ṣùgbọ́n òfin Diutarónómì orí 23 kò yọ ẹni tó yí padà sílẹ̀, ìwé Rúùtù sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ó ti bá Náómì dé, lẹ́yìn tí ó ti ṣiṣẹ́ lóko, títí dé ọjọ́ tí Bóásì dúró níwájú àgbààgbà, Rúùtù ará Móábù ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ kí a gbọ́ ọ, kí a má sì gbàgbé. Bí ó bá jẹ́ pé ìyípadà rẹ̀ ti nu Móábù kúrò lára rẹ̀, kí ni ó dé tí wọ́n tún ń pe orúkọ náà níbi tí òfin ti ń ṣiṣẹ́?

Àwọn rábì tó wá lẹ́yìn náà mọ bí ìṣòro yìí ti wúwo tó, nítorí bí òfin náà bá kan Rúùtù, ó kan Dáfídì. Wọn kò fi òfin sílẹ̀, wọn kò sì fi Rúùtù sílẹ̀. Míṣínà, ìwé òfin àwọn rábì tí wọ́n ṣàkójọ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Kristi, sọ pé ọkùnrin Ámónì àti Móábù ni òfin náà kọ̀ títí láé. Obìnrin wọn lè wọlé lójú ẹsẹ̀. Támúdù, tó ṣàlàyé Míṣínà, fi ìdí rẹ̀ hàn láti inú òfin fúnra rẹ̀: ọkùnrin ni àṣà ní kí ó jáde gbé oúnjẹ àti omi pàdé àlejò lójú ọ̀nà, kì í ṣe obìnrin, nítorí náà ẹ̀ṣẹ̀ yẹn kò kan obìnrin. Ẹjọ́ kejì tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ọkùnrin Ámónì kan tó ti di Júù, tí ń jẹ́ Júdà, wá sí ilé ẹ̀kọ́, ó béèrè bóyá òun lè wọ ìjọ. Rábì Gàmálíẹ́lì ní òfin kọ̀ ọ́. Rábì Jóṣúà dá a lóhùn pé Senakéríbù ọba Ásíríà ti ṣí gbogbo orílẹ̀-èdè nípò, ó ti dà wọ́n pọ̀, kò sí ẹni tó lè sọ mọ́ pé ọmọ Ámónì ni ẹnikẹ́ni. Wọ́n sì gba ọkùnrin náà wọlé. Àwọn rábì wọ̀nyí ni wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí òfin dì lọ́wọ́. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí òfin ló jẹ́ kí wọ́n wá inú rẹ̀ títí wọ́n fi rí àyè fún àlejò.

Ààlà náà di ohun tí a lè fojú rí nínú Tẹ́ńpìlì tí Hẹ́rọ́dù tún kọ́. Àjèjì lè wọ àgbàlá ìta, ṣùgbọ́n odi kékeré kan yí àgbàlá inú ká, wọ́n sì kọ ìkìlọ̀ sára òkúta ní èdè Gíríìkì pé àjèjì tó bá kọjá níbẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ fa ikú ara rẹ̀. Ní 1871, Charles Clermont-Ganneau rí ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà ní Jerúsálẹ́mù. Ó wà ní Istanbul lónìí. Ẹ̀sùn pé Pọ́ọ̀lù mú Tírófímù ará Éfésù kọjá ààlà ibi mímọ́ ni wọ́n fi dìde sí i nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 21. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 49, àwọn àpọ́sítélì ti jókòó lórí bóyá kí àjèjì tó gba Jésù kọlà kí wọ́n tó gbà á. Ìdájọ́ tí Jákọ́bù dá ní orí 15 ni pé kí wọ́n má ṣe di ẹrù ìkọlà rù wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹra fún ohun tí a fi rúbọ sí òrìṣà, àgbèrè, ẹran tí a fún lọ́rùn pa, àti ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti fi hàn pé ohun mẹ́rin yìí bá Léfítíkù orí 17 àti 18 mu, níbi tí òfin ti sọ ohun tó kan àtìpó tó ń gbé láàárín Ísírẹ́lì. Bí ìyẹn bá rí bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀, ìpàdé tí àwọn Kristẹni kà sí ọjọ́ tí òfin parí jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lọ wo òfin fún ohun tó yẹ kí wọ́n fi gba àlejò.

Ẹni tó bá fẹ́ takò mí yóò sọ pé, láìsí Ẹ́sírà àti Nehemáyà, Júdà ì bá ti parẹ́ bí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kékeré ayé ìgbà náà ti parẹ́, kò sì ní sí ìwé mímọ́ tí a ń jiyàn lé lórí. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, n kò sì lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Kíka òfin ní gbangba, bí Nehemáyà orí 8 ti sọ ọ́, pẹ̀lú Ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ṣe iṣẹ́ tí odi òkúta kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á ya ohun tó pa wọ́n mọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ òfin, èdè, àdúrà àti Ìsinmi pa àwọn Júù mọ́ ní ilẹ̀ tó pọ̀, ní ẹgbẹ̀rún ọdún tó tẹ̀ lé e, láàárín ìgbà tí àwọn rábì ń gba ẹni tó yí padà wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé lílé aya àti ọmọ nìkan ló lè pa wọ́n mọ́, ìdájọ́ Jóṣúà lórí Júdà ará Ámónì ì bá ti pa wọ́n run. Kò pa wọ́n run.

Ìtàn yìí kan ilẹ̀ Yorùbá ní tààrà. Nígbà tí ìsìn Kristi dé ọ̀dọ̀ wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tó gbé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà lọ́kàn ni ti ọkùnrin tó ní ju aya kan lọ. Ní 1888, àpérò wọn ní Lambeth ní London pinnu pé kí wọ́n má ṣe ìrìbọmi fún un, àfi kí wọ́n máa kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ títí yóò fi lè gba òfin Kristi. Ohun tí ìpinnu yẹn túmọ̀ sí nínú ilé ni pé kí ó lé gbogbo aya rẹ̀ lọ ku ọ̀kan kó lè wọlé, a sì bi wá ní ìbéèrè Ẹ́sírà lẹ́ẹ̀kan sí i: ta ni yóò san owó ìwà mímọ́ yìí? Aya tí wọ́n lé àti ọmọ rẹ̀ ni. Ní Èkó, láti 1891 tí wọ́n dá Ìjọ United Native African sílẹ̀, àwọn ìjọ ọmọ ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí gba irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sáàárín ọmọ ìjọ. N kò ní in lọ́kàn láti ṣe ìdájọ́ lórí olóbìnrin púpọ̀. Àwọn tó gbà pé ọkọ kan aya kan ni Kristi fẹ́ ní ìdí wọn nínú ìwé mímọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń ka òfin, ó sì tọ́ kí a bi olúkúlùkù léèrè ẹni tí kíka tirẹ̀ ń sọ síta.

Kò sí ibi tí ìwé Ẹ́sírà ti jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn aya tí wọ́n lé sọ̀rọ̀. A mọ orúkọ ọkọ wọn, a kò mọ orúkọ wọn. Inú ìwé Rúùtù ni a ti gbọ́ ohùn obìnrin àjèjì tó ń bẹ̀bẹ̀ láti wọlé, tó sì ń sọ ohun tí yóò ṣe bí wọ́n bá gbà á. Àwọn tó ṣàkójọ ìwé mímọ́ lè ti yọ ọ̀kan kúrò kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi méjèèjì sínú àpò kan fún àwa tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ kan lé àlejò jáde kúrò ní ìjọ, ní ìlú tàbí ní orílẹ̀-èdè, tó sì ní òfin Ọlọ́run lòun ń pa mọ́, ó kù síbì kan kó tó ka òfin náà tán. Kí ó ka ti pèéṣẹ́ mọ́ ọn, kí ó ka ti ìlú ààbò, kí ó ka ìdí tí òfin fi bá Móábù wí, kí ó sì rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ tí a fi sé ilẹ̀kùn mọ́ Móábù ni ẹ̀ṣẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ dá.